Ẹ̀rù tí ń Ba Aláàárẹ̀ Ọpọlọ ní Ọsibítù: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa Musulumi máa ń fẹ́ sọ ní gbangba. Bí ibà bá mú ènìyàn láàrin wa, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Bí wọ́n bá la ikùn fún un ní ọsibítù, a ó kó ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ kí i. Ṣùgbọ́n bí orí ọmọ wa bá dàrú, ńṣe ni a ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí a ó máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ó ti rìnrìn-àjò lọ sí Kánò. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti bí ná, tí a ti sọ lórúkọ, tí a sì ti gbé lọ sí ilé kéwú, kí ni a ó ṣe fún un?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ nísinsìnyí pé àárẹ̀ ọpọlọ ní ìtọ́jú, a sì ń gbé àwọn ènìyàn wa lọ sí ọsibítù. Ìyẹn dára. Ohun tí a kò tíì rò dáadáa ni ohun tí ojú aláìsàn ń rí nígbà tí ó bá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti sùn ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ rí, tí ara rẹ̀ sì ti yá, bí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún wa, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀rù pé àwọn ẹbí òun ti gbàgbé òun. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù pé kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ mọ́ láéláé, nítorí pé ohunkóhun tí òun bá sọ, wọn yóò ní àìsàn ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ẹ̀rù yẹn náà, ara àìsàn rẹ̀ ni.” Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́. Irú àárẹ̀ ọpọlọ kan wà tí í mú kí ènìyàn máa fura sí gbogbo ayé, kí ó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó máa rò pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rù kọ́ ni ti àìsàn. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé àwa ni a fi ọwọ́ ara wa dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Lámọrín ṣe àpẹẹrẹ, kí ó jẹ́ oníṣòwò aṣọ. Ó ti tó oṣù méjì tí Lámọrín ti ń sọ pé àwọn ènìyàn ń dìtẹ̀ mọ́ òun, pé wọ́n fẹ́ gba ìsọ̀ òun. Kò sùn, kò jẹun. Ẹbí pàdé ní òru, wọ́n sì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ fún un pé ọjà tuntun ti dé sí Èkó, kí ó wá kí wọ́n jọ lọ wò ó. Wọ́n fi í sí àárín ọkùnrin méjì nínú mọ́tò. Ibi tí wọ́n bá ara wọn kì í ṣe Èkó, ẹnu géètì ọsibítù ọpọlọ ni. Àwọn alágbára mẹ́rin dì í mú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí yóò fi jí, fóònù rẹ̀ kò sí, agogo ọwọ́ rẹ̀ kò sí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ojú ẹni tí ó mọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará, kí ni Lámọrín ti ń sọ láti oṣù méjì? Ó ní wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ǹjẹ́ wọn kò dìtẹ̀ mọ́ ọn bí? A ti fi irọ́ tiwa sọ àìsàn rẹ̀ di òtítọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí dókítà bá sọ fún un pé kò sí ẹni tí ń lépa rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà á gbọ́? Bí nọ́ọ̀sì bá fún un ní oògùn, báwo ni yóò ṣe gbé e mì láìfura? Nígbà tí ó bá sì padà sílé, tí àìsàn náà bá tún fẹ́ yọjú, kì yóò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò fi pamọ́, nítorí ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí. Irọ́ tí ó rọrùn fún wa ní ọjọ́ kan ni yóò bá ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Mo mọ̀ pé èsì wà fún èyí. Wọn yóò ní, “Bí a bá sọ òtítọ́ fún un, kò ní lọ.” Ìgbà mìíràn ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé a tilẹ̀ gbìyànjú? Aláìsàn tí kò gbà pé orí òun dàrú máa ń gbà pé òun kò rí oorun sùn. Ẹ bá a sọ ti oorun yẹn, nítorí òtítọ́ ni. Ẹ wá ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí jù nínú ẹbí, ì báà ṣe àbúrò rẹ̀ kékeré, kí ẹni náà bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí ó má jẹ́ pé ènìyàn mẹ́wàá ni yóò yí i ká bí ẹni tí a mú ní olè. Ẹ má dúró kí àìsàn wọ̀ ọ́ lára tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan pé kí a mú un lọ pẹ̀lú agbára, nítorí pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ẹ sọ òtítọ́ fún un bí ẹ ti ń mú un lọ: “Ọsibítù ni a ń lọ. Ara rẹ kò yá. Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ.” Ó lè bínú, ó lè ṣépè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá yá, yóò rántí pé ẹ kò tan òun jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwà Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Nínú ìwé Muslim, Anas ròyìn obìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé dáadáa, tí ó tọ Ànábì wá pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá a sọ. Ànábì kò lé e, kò sì ní kí ẹnìkan fà á sẹ́yìn. Ó ní kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yan ojú ọ̀nà tí ó bá wù ú, òun yóò sì bá a lọ síbẹ̀. Ó dúró tì í títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Olórí gbogbo ìlú ni, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé yan ibi tí wọn yóò ti sọ̀rọ̀.

Ìròyìn mìíràn tún wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, ti obìnrin adúláwọ̀ kan tí wárápá máa ń mú. Ó wá bẹ Ànábì fún àdúrà. Ànábì fi ohun méjì síwájú rẹ̀: bí ó bá fẹ́, kí ó fara dà á kí ó sì gba ọgbà ìdẹ̀ra, bí ó bá sì fẹ́, òun yóò tọrọ ìwòsàn fún un. Obìnrin náà yan ìfaradà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan: pé bí àìsàn náà bá mú òun, aṣọ máa ń ṣí lára òun, kí Ànábì bá òun tọrọ kí ìhòòhò òun má hàn mọ́. Ànábì sì ṣe àdúrà náà fún un.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níhìn-ín fún ẹni tí ó ní làákàyè. Èkíní, a bi aláìsàn léèrè ohun tí ó fẹ́. Èkejì, àìsàn nìkan kọ́ ni ó ń bà á lẹ́rù, ìtìjú ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní wọ́ọ̀dù títí di òní. Obìnrin tí ó ti ń bo orí rẹ̀ láti ìgbà èwe, tí a wá já ìborùn gbà lórí rẹ̀ láìsọ ìdí, tí ọkùnrin sì ń wò ó nígbà tí ó ń wẹ̀, báwo ni ọkàn rẹ̀ yóò ṣe balẹ̀? Ó lè jẹ́ pé nítorí kí ó má fi ìborùn fún ara rẹ̀ lọ́rùn ni wọ́n ṣe gbà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹbí mú fìlà obìnrin tí kò ní okùn wá. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé ìbẹ̀rù tí àwọn ènìyàn wa ní sí ọsibítù ọpọlọ ní ìdí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí ilé wèrè ní Yábàá ní ọdún 1907, ilé ìpamọ́ ni ó jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Kí wèrè má rìn ní ìgboro ni wọ́n fẹ́. Láńtòrò ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé aláàárẹ̀ ọpọlọ ní ọdún 1944, fún àwọn ọmọ ogun tí ogun Hitler ti da orí wọn rú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ rí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un, ó ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta kan náà ni ọmọ wa kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní ọdún 1923 tí ó sì kú ní ọdún 2004, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954. Ó rí i pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí a sì tún já kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀, ìdààmú rẹ̀ yóò di méjì. Ó wá bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ wá ní òun nìkan. Ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ni yóò bá a wá, tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọn yóò lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, lẹ́yìn náà wọn yóò padà sí abúlé láàrin àwọn tí ń dáko tí wọ́n sì ń náwó ọjà. Nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1961, ètò yìí jẹ́ ohun ìwúrí fún wọn. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, iná mànàmáná tí wọ́n ń lò fún ọpọlọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀rù pa aláìsàn ni ojú ẹni tí ó mọ̀.

Bí a bá ń bá ọsibítù wí, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa wí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tí ó ju 300 lọ jáde ní ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé àtúnṣe ìwà. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọmọdé sì wà láàrin wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde ní ilé irú rẹ̀ ní agbègbè Òjóò ní Ìbàdàn. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn òbí Musulumi ni ó sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí lọ síbẹ̀, tí wọ́n sanwó, tí wọ́n sì padà sí ẹnu ọjà wọn. Àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn oníṣègùn náà ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn kì í dín tiwa kù.

Èmi kò sọ pé kí àáfà má ṣe àdúrà fún aláìsàn. Àdúrà ni ohun ìjà onígbàgbọ́ òdodo, kíké Àlùkùránì sí etí aláìsàn sì máa ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹgba kì í ṣe àdúrà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe tírà, ebi kì í sì ṣe omi wàláà. Ẹni tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run sọ fún wa pé a ti gbé kálàmù kúrò lórí rẹ̀, tí a kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà, ta ni ó fún wa láṣẹ láti máa nà án fún ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run kò kọ?

Àwọn Musulumi ìgbàanì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ti ẹ̀mí, ó sì ṣàlàyé ìtọ́jú ẹ̀rù, ìbínú àti ìbànújẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ti í ṣàlàyé ìtọ́jú ibà. Sultan Nur al-Din kọ́ ọsibítù sí Damascus ní ọdún 1154, Sultan Qalawun kọ́ tirẹ̀ sí Cairo ní ọdún 1284, owó wákàfù ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn. Ní Edirne ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọsibítù tí Sultan Bayezid Kejì kọ́ ní ọdún 1488 ní orísun omi láàrin rẹ̀, àwọn olórin sì ń kọrin fún aláàárẹ̀ ọpọlọ kí ọkàn wọn lè rọ̀. A kò sọ pé kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rárá ní ayé ìgbà náà, ó wà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù jẹ́ ohun tí à ń tọ́jú, kì í ṣe ohun tí à ń fi kún àìsàn.

Ó kan ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì. A mọ̀ pé aláìsàn pọ̀ jù yín lọ, pé owó oṣù kò tó, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ré òkun kọjá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní owó lórí. Àwọn oògùn kan tí ẹ ń fún wọn lè mú kí ọrùn le, kí ahọ́n wúwo, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Bí aláìsàn kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ṣàdédé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní òru, kí ni ẹ rò pé yóò máa rò? Yóò ní májèlé ni wọ́n fún òun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ fún un ní ọ̀sán pé, “Ọrùn rẹ lè le, bí ó bá ṣẹlẹ̀, pè wá, oògùn tí yóò tú u wà,” ẹ ti gba ọkàn rẹ̀. Bákan náà ni iná mànàmáná tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bí ó ti yẹ, wọn yóò kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn oorun kí ó má baà mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un àti fún ìyá rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ.

Òfin náà ti yí padà. Òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin tuntun yìí fi ẹ̀tọ́ fún aláìsàn láti mọ ìtọ́jú tí a fẹ́ fún un, ó fi ààlà sí mímú ènìyàn mọ́ ọsibítù láìjẹ́ pé ó fẹ́, ó sì fi ààlà sí dídè àti títì mọ́lé. Kí ẹbí àti àáfà mọ èyí, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣẹ̀ sí òfin.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ kàn yín. Wọ́n máa ń sọ pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ọjà kì í sọ àìsàn di aláìgbóògùn. Àwa tí a wà nínú ọjà, tí a mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, tí a sì ń wò ó kọjá, ni a sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ni ti ìsọ̀. Ẹ̀rù tí ó tóbi jù nínú ọkàn oníṣòwò tí ó wà ní wọ́ọ̀dù ni pé wọn yóò ti pín ọjà òun kí òun tó dé. Ẹ sọ fún mi bí ẹ̀rù yìí bá jẹ́ ti àìsàn! Ẹ̀ẹ̀melòó ni a kò ti rí ẹbí tí wọ́n ta ọjà tán, tí wọ́n gba gbèsè jọ, tí wọ́n sì fi ìsọ̀ fún ẹlòmíràn? Nínú Sura Nisai, Ọlọ́run pàṣẹ lórí dúkìá àwọn tí òye wọn kò gbé e: kí a máa fi bọ́ wọn, kí a máa fi wọ̀ wọ́n láṣọ, kí a sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ rere. Nínú Sura kan náà ni ó ti pàṣẹ pé kí a dá ohun ìfipamọ́ padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a bá gbé oníṣòwò lọ sí ọsibítù, kí olórí ẹgbẹ́ ọjà àti ẹnìkan láti ilé rẹ̀ ka ọjà rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì mú ìwé náà lọ fi hàn án. Ìwé kan ṣoṣo yẹn lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju ìwàásù ogún lọ.

Ẹ̀yin jamáà náà, iṣẹ́ wà fún yín. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí yóò máa lọ kí aláìsàn tí ó wà ní ọsibítù ọpọlọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi í bí ó bá fẹ́ kí wọ́n wá. Kí wọ́n mú ìròyìn ilé dé, kí wọ́n má ṣe lọ bú u. Kí wọ́n má ṣe dárúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọjọ́ Jímọ̀ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe àdúrà fún Lámọrín tí ó ń ṣe wèrè. Kí wọ́n ní aláìsàn kan ni, Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀. Bí Ràmádáànì bá sì dé, kí lèmọ́mù sọ ọ́ ní kedere pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀, pé kí ẹni tí ń lo oògùn ọpọlọ má ṣe dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀ láìbi dókítà.

Ẹ̀bi ta ni, nígbà náà? Apá kan jẹ́ ti àìsàn, apá kan jẹ́ ti ìtàn, apá kan jẹ́ ti ọsibítù, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti tún ṣe lónìí ni tiwa. Aláàárẹ̀ ọpọlọ jẹ́ ohun ìfipamọ́ tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ wa, a ó sì jíhìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fún gbogbo aláìsàn ní ìwòsàn, kí ó dá làákàyè àwọn tí orí wọn dàrú padà, kí ó má sì jẹ́ kí a di ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń bẹ̀rù ju àìsàn lọ. Àmín.